Ẹ̀yìn Tí A Ti Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún Tó Sì Ń Dunni
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, Mahintẹ̀dó)

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni mo bá wá. Ọmọ awakọ̀ ojú omi kan nínú wa ni: eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, wọ́n fi irin àti nọ́ọ̀tì tọ́ ọ. Ọdún kejì rèé, ìrora kò lọ, oògùn ìrora nìkan ni wọ́n ń fún un. Kò tó! Ẹ̀yin mẹkáníìkì mọ̀ pé nọ́ọ̀tì a máa tú, irin a sì máa kán. Eegun náà lè má so pọ̀, àrùn sì lè wọ ibẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ni kó wò ó. Ẹ gba ìwé ní ọsibítù Igbókọ̀dà, kí ẹ lọ sí Ìgbòbì l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn sójà tó fara pa lójú ogun, tàbí UCH Ìbàdàn. FOCOS tí Dókítà Boachie-Adjei dá sílẹ̀ ní Gánà, ẹ̀yìn wíwọ́ gan-an ni wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá ni.

Ẹ mú àwòrán àtijọ́ àti ìwé iṣẹ́ abẹ dání. Ẹ fi ọ̀rá wé e nítorí omi. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Àpò ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kí owó ọkọ̀ ọmọ yìí ti jáde. Ta ló fara mọ́ ọn?