Bóòtù Tó So Bẹ́líìtì Mọ́ Ara Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ọkọ̀ la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó pé kẹ́ ẹ máa dè é. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni àwọn irin kéékèèké tí wọ́n fi so bẹ́líìtì náà mọ́ ara ọkọ̀: bóòtù, wáṣà, àti nọ́ọ̀tì tó fara pamọ́ sẹ́yìn páànù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, irin wọ̀nyí ti sọnù, tàbí kí wọ́n ti fi èyí tí kò yẹ rọ́pò wọn. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ń de bẹ́líìtì láàárọ̀, ó ń dè é lálẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, láìmọ̀ pé kò sí ohun tó di òun mú. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé bóòtù yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọ ihò dípò. Irú rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Bẹ́ ẹ kò bá tíì rí i, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sídìí bẹ́líìtì yẹn.

Lọ́dún 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń bá iléeṣẹ́ Volvo ṣiṣẹ́, gbé bẹ́líìtì tó gba èjìká dé ìbàdí jáde, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ wa gbogbo báyìí. Ibi mẹ́ta ló ti so mọ́ ọkọ̀: lókè lára òpó ilẹ̀kùn, nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àti ní ìbàdí lápá inú, níbi tí ẹ ń ki ahọ́n irin rẹ̀ bọ̀ tó fi ń há. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ara èèyàn kò ní fẹ́ dúró; bẹ́líìtì ló máa gba ipá ara náà, tó sì máa gbé e fún bọ́dì ọkọ̀, ibi mẹ́ta yìí nìkan ló sì lè gbà gbé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan wọn kìlógíráàmù 70, tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu nǹkan, tí ara òun náà sì dúró láàárín ìdajì mítà. Ipá tí bẹ́líìtì máa fi dá a dúró sún mọ́ ìwọ̀n kìlógíráàmù 1,400. Eré àárín ìgboro nìyẹn o. Bó bá jẹ́ 100 ló ń sá, tí gbogbo nǹkan tó kù rí bákan náà, ipá yẹn di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó fi okùn tuntun so ẹran mọ́ èèkàn tó ti jẹrà, ẹran rẹ̀ kò so.

Àwọn tó ń ṣòfin ọkọ̀ mọ èyí dáadáa. Láti January 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní bẹ́líìtì, òfin mìíràn sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ tó jẹ́ ti ibi ìso nìkan. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa apá tó gba àyà àti apá tó gba ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipá tó lé ní kìlógíráàmù 1,350, ibi ìso kò sì gbọdọ̀ já. Ti Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Apá méjèèjì yìí ló ń pàdé níbi tí ẹ ti ń ki ahọ́n bẹ́líìtì bọ̀, nítorí náà bóòtù tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ló ń gba ẹrù tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá wo ohun tí a sábà máa ń fi dípò rẹ̀. Bóòtù mìlímítà 8 lásán, èyí tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, máa já bí ohun tó ń fà á bá ti tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ojúlówó bóòtù bẹ́líìtì lè gbà ju tọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ kó tó já. Ojú lásán kò lè fi agbára irin méjèèjì hàn yín. Àmì orí wọn ló ń sọ ọ́. Lórí bóòtù oníǹṣì tó le, ẹ óò rí ilà wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Lórí ti mìlímítà, nọ́ńbà 8.8 tàbí 10.9 ló máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, tí kò ní àmì kankan, ẹ má fi sún mọ́ bẹ́líìtì.

Ìwọ̀n rẹ̀ tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Bóòtù bẹ́líìtì tó wọ́pọ̀ jù láyé jẹ́ ínǹṣì 7/16, tí eyín 20 wà nínú ínǹṣì kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àti ti Jámánì, tí gbogbo bóòtù wọn yòókù jẹ́ ti mìlímítà, oníǹṣì yìí náà ni wọ́n ń lò fún bẹ́líìtì. Ó fi díẹ̀ nípọn ju mìlímítà 11 lọ. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á wo ihò, á mú bóòtù mìlímítà 10 eléyín wẹ́wẹ́, á sì rí i pé ó ń yí wọlé láìjà rárá. Ìdí ni pé àlàfo eyín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: mìlímítà 1.25 sí 1.27. Ṣùgbọ́n bóòtù náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò lọ, góńgó eyín lásán ló ń kan ara wọn. Bí wọ́n bá fún un níwọ̀nba, á ṣe bí ẹni pé ó ti le. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé sórí rẹ̀, á fà yọ tààrà. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ pé “ó ṣáà ti wọlé.”

Báwo ni irin wọ̀nyí tiẹ̀ ṣe ń sọnù? Wọ́n tú ìjókòó kí wọ́n lè rán aṣọ tuntun sí i. Omi wọ ọkọ̀, wọ́n ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà gé ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn tó gba Kùtọnu wọlé ti ní jàǹbá lókè òkun, wọ́n sì ti tú u palẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bá ń dà á padà, bóòtù kan á ṣẹ́ kù nínú abọ́ tàbí kó má tiẹ̀ ṣẹ́ kù, òrùka irin tó wà lára rẹ̀ á sì di àwátì. Òrùka yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ bóòtù bẹ́líìtì ní èjìká kékeré lára, tàbí òrùka tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí irin bẹ́líìtì lè máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí bóòtù tilẹ̀ ti le pinpin. Bí kò bá sí i, irin náà á há gbagidi, aṣọ bẹ́líìtì á lọ́, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa gba gbogbo ẹrù.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wẹ́dà kò fi ní jó irin bẹ́líìtì náà mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ọ̀rọ̀ parí? Rárá o. Iná wẹ́dà máa ń ba líle irin náà jẹ́, irin bẹ́líìtì kò ní lè yí mọ́, páànù ilẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n jó o mọ́ sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ya pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárì. Ẹni tó bá de bẹ́líìtì ni wọ́n ṣe àpò yẹn fún. Ẹni tí kò dè é lè ti sún mọ́ ọn jù kó tó tú jáde tán, kó sì ṣe é léṣe. Ẹni tó ní òun kò lówó, a mọ̀ pé ìlú le, ṣùgbọ́n owó bóòtù kan kò sún mọ́ owó táyà kan. Àwọn tó sì ń sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni, àmín àṣẹ ni a ó ṣe sí i. A máa ń gbàdúrà kí a tó gbéra, a sì máa ń wo ọ́ìlì, a máa ń yẹ bíréèkì wò, kò sì sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àìnígbàgbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú kù dé ìdajì fún ẹni tó jókòó níwájú. Bẹ́líìtì tí ìdí rẹ̀ dúró ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí.

Ó dáa, kí ni ká ṣe? Ẹ ṣí ike pélébé tó bo ibi ìso kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo bóyá bóòtù wà níbẹ̀, bóyá ó ti dípẹtà, bóyá irin bẹ́líìtì ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ara ìjókòó gan-an ni ibi tí ẹ ń ki bẹ́líìtì bọ̀ wà. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ẹsẹ̀ ìjókòó mọ́lẹ̀ ti di ara bẹ́líìtì nìyẹn, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní àpò afẹ́fẹ́, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, kẹ́ ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí bẹ́líìtì mìíràn ní ẹ̀tù kékeré nínú tó ń fà á le nígbà jàǹbá. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Àrárọ̀mí ní Ìbàdàn, ẹ tú bóòtù kan tó jẹ́ ojúlówó lára ọkọ̀ yẹn, ẹ mú un dání gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pẹ̀lú òrùka àti wáṣà rẹ̀. Àlòkù kò burú bó bá jẹ́ láti ara irú ọkọ̀ kan náà, tí kò tẹ̀, tí eyín rẹ̀ kò bó, tí ọkọ̀ tó ti wá kò sì ní jàǹbá. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí i. Ó yẹ kó wọlé tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí sípánà tó kàn án. Bó bá ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u jáde. Ó lè jẹ́ pé ìpẹtà ló dí ihò náà, ó sì lè jẹ́ pé bóòtù yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́, bíi Ìjàpá Volkswagen tàbí Peugeot 504, ní iṣẹ́ kan sí i. Nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn páànù, ara irin tó nípọn ni iléeṣẹ́ jó o mọ́. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, bóòtù tuntun kò lè ran yín lọ́wọ́. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu sukudíráfà gún àyíká ibẹ̀. Bó bá rọ̀ tàbí tó bá lu, kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ gé e kúrò, kó sì fi irin tuntun sí i pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí kò bá sì sí ihò ìso níbẹ̀ rí, wáṣà nìkan kò tó lẹ́yìn páànù: irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ti fá etí rẹ̀ kó má gé páànù, ni kí wọ́n fi sí i. Ẹ má gbàgbé ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ máa ń wà. Bẹ́líìtì ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù tí wọ́n á sì gbàgbé. Ẹ gbé tìmùtìmù yẹn sókè, ẹ yẹ bóòtù ibẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì so bẹ́líìtì èyí tí tirẹ̀ kò pé ní kókó, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mọ̀ pé ibẹ̀ kò tíì ṣeé jókòó sí.