VPN Kì Í Ṣe Àfẹ́ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ fóònù ọwọ́ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ ó rántí oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ti dá Twitter dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti tì í pa. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ tó dé, ọ̀pọ̀ wa ti sáré wá VPN.

Ọmọ àbúrò mi kan ń ta aṣọ lórí Twitter nígbà náà. Ẹnì kan fi VPN ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó gbé e sórí fóònù, ó sì gbà kí ó máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ òun. Nọ́ńbà tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ dé, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ rí i. Owó ọjà rẹ̀ lọ. Ó sá fún ẹkùn, ó kó sẹ́nu kìnnìún.

Kí ni VPN ń ṣe gan-an? Ẹ fi wé lẹ́tà. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ń rí ojúlé tí lẹ́tà wa ń lọ. VPN á di lẹ́tà náà sínú àpò, á gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bóyá ní Jámánì, ibẹ̀ ni yóò ti tú u kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tó ta dátà rí àpò nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú àpò rí ojúlé! A kò bọ́ lọ́wọ́ ojú, ẹni tó ń wò wá la pààrọ̀.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ CSIRO ti Australia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ VPN 283 ti Android wò. Wọ́n rí àmì ètò apanilára nínú ìdá 38 nínú 100. Ìdá 18 kò tilẹ̀ di àpò rárá.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fúnra yín lọ mú un ní Play Store tàbí App Store. Ẹ má gba ti WhatsApp.

2. Ẹ wo ẹni tó ni ín, àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá.

3. Fóònù yóò béèrè bóyá kí VPN so yín pọ̀. Ẹ gbà. Bó bá béèrè àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́tò tàbí nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín, ẹ kọ̀. Kò nílò wọn.

4. Ẹ wo òkè fóònù: kọ́kọ́rọ́ kékeré ni ti Android, lẹ́tà VPN ni ti iPhone, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ iPhone tuntun, ẹ ní láti fa Control Center wálẹ̀ láti òkè kí ẹ tó rí i. Bí ẹ kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kó má máa ṣiṣẹ́.

5. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ wọ Settings, ẹ tan Always-on VPN àti Block connections without VPN, kí fóònù má baà máa rìn níhòòhò bí VPN bá já.

Bí ẹ bá fi orúkọ yín wọ Facebook, Facebook mọ̀ yín síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìlà tí gbájú-ẹ̀ fi ránṣẹ́, VPN kò lè gbà yín.

Àwọn ọ̀dọ́ wa jókòó lẹ́yìn. Kí ìyá tàbí bàbá tó bá ní VPN tí kò mọ ẹni tó ni ín lọ bá wọn, kí wọ́n bá a yọ ọ́ kúrò kó tó lọlé. Àmọ́ ẹ má sọ páásíwọ́ọ̀dù yín fún wọn o.