Ọfà Diablo: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Géèmù Akọ́nimọ̀ọ́gbá Àtijọ́



Mi ò ní pẹ́ lórí oríkì. Nínú géèmù akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìwọ lo ń ra agbábọ́ọ̀lù, ìwọ lo ń tò wọ́n, kọ̀ǹpútà ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Kevin Toms gbé Football Manager jáde ní 1982. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul àti Oliver Collyer, gbé Championship Manager jáde ní 1992. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọfà tí a fi ń sọ ibi tí agbábọ́ọ̀lù máa sá lọ ni mo bá wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ lásán ni Championship Manager fi ń ròyìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí bí a ṣe máa ń mí hẹlẹ tí ìlà kan bá ń ṣẹ́jú. Ní 2003, Championship Manager 4 fi pápá hàn wá láti òkè, agbábọ́ọ̀lù di àmì róbótó, a wá ń rí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, 03/04, ni ètò tí wọ́n ń pè ní Diablo ti gbòde. Ẹ mú agbábọ́ọ̀lù àárín kan, ẹ fa ọfà gígùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí iwájú, sáàárín àwọn atamátàsé. Ó parí. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ń dì mọ́ atamátàsé, ẹni tó ń ti àárín bọ̀ sì ń wọlé bí olè tó gba ẹ̀yìnkùlé nígbà tí gbogbo ilé ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Góòlù lórí góòlù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó níwájú yìí ti ń bá mi fà á láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Ó ní ojóro ni. Ó ní bọ́ọ̀lù kọ́ nìyẹn. Èmi náà a ní: ta ló pè é ní bọ́ọ̀lù? Ìṣirò ni, ẹni tí ìṣirò náà bá yé ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bó bá sì jẹ́ ojóro ni, ẹ jẹ́ ká wọ́ Frank Lampard lọ sílé ẹjọ́: àárín ló ń gbá, góòlù 211 ló gbá wọlé fún Chelsea! Ọ̀rẹ́ mi á dáhùn pé àwọn tó ń kojú Lampard lè fi ẹnìkan ṣọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, pé ẹ̀rọ kì í kọ́gbọ́n títí oníṣẹ́ rẹ̀ fi tún un ṣe. Òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi ní ká kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí. Ẹ ó wa ètò ẹlòmíì sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó gba ife, bí a bá bi yín pé kí ló fà á, òrùlé lẹ ó máa wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ńbà, 1 sí 20, tí géèmù fi ń díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí àwọn tó ṣe géèmù bá kọ ni ẹ̀rọ gbà gbọ́: To Madeira ti ẹgbẹ́ Gouveia ní Pọ́túgà, tó ń rọ̀jò góòlù nínú Championship Manager 01/02, kò sí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láyé. Tonton Zola Moukoko, tí nọ́ńbà gbé ga bákan náà, wà láyé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù kan fún ikọ̀ àgbà Derby County rí.

Alága ti ń wo aago. Kí n wá sọ bó ṣe parí: nígbà tí Sports Interactive, ilé iṣẹ́ àwọn Collyer, àti Eidos tó ń bá wọn gbé géèmù náà jáde pínyà, Eidos mú orúkọ, àwọn Collyer mú ẹ̀rọ, wọ́n sì bá Sega gbé Football Manager 2005 jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ọgbọ́n kọ́nà inú géèmù náà, kó dúró dè mí níta.