Ìwé Ìbò Kejì: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Àgbẹ̀ Sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde Lórí Yíyan Aṣòfin

  A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbò ti sú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín. Ó máa ń sú àwa náà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààrẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gómìnà. Ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ni, àwọn tí ń jókòó ní Abẹ́òkúta ní orúkọ wa.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn nínú ọkàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, ìwé ìbò méjì ni wọ́n fi lé olùdìbò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́: ọ̀kan fún gómìnà, ọ̀kan fún aṣòfin. Ta ni ẹ tẹ̀ka fún nínú ìwé kejì? A kò bèèrè àmì ẹgbẹ́ o. Orúkọ ènìyàn ni a ń bèèrè. Nígbà tí a bi ara wa ní ìbéèrè yìí nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa wá síhìn-ín, nínú àwa mẹ́rin, ẹnìkan ṣoṣo ni ó rántí orúkọ náà, àwa tí a sì ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé!

Ìjẹ̀bú kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Kí òyìnbó tó fi ìbọn ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, Awùjalẹ̀ kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ìlámùrẹn wà, Òṣùgbó wà, Pàmpá sì wà tí í ṣe ohùn mẹ̀kúnnù. Bí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀, ènìyàn mọ ilé ẹni tí yóò gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn bí a ti ń sọ ìtàn ìbò yìí lọ: pé ènìyàn mọ ilé ẹni tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1951, lábẹ́ òfin ìjọba tí a ń pè ní ti Macpherson, a yan aṣojú lọ sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, níbi tí àga 80 wà fún àwọn tí a dìbò yàn. Ó yẹ kí a ṣe àlàyé bí ìbò náà ti rí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í ṣe ìbò tààrà. Àwọn tí ó san owó-orí ní abúlé ni ó kọ́kọ́ péjọ, wọ́n yan àwọn díẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn díẹ̀ yìí lọ pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti abúlé mìíràn, wọ́n tún yan àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú. Àwọn tí ó kù ní ìpele ìkẹyìn ni ó wá yan aṣòfin. Ètò náà lábùkù púpọ̀, a kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dá wa padà sí i. Àgbẹ̀ tí ó wà ní ìpele kìn-ín-ní kò ní agbára kankan lórí ìpele ìkẹyìn. Síbẹ̀, kò sí ibi kankan nínú àtẹ̀gùn náà tí wọ́n ti ń yan ẹni tí wọn kò mọ̀.

Ẹ wo ẹni tí ó jáde láti ẹkùn tiwa. Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókòyà, ọmọ Àwà, ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́lúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Àgbẹ̀ tí ó fi ọmọ lé e lọ́wọ́ láti kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ka orúkọ rẹ̀ sí òun létí láti orí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ-gbohùngbohùn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Rẹ́mọ, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni ó jáde. Nígbà tí Ilé péjọ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1952, àwọn kan kọjá láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì ní ọ̀pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ Alákùkọ, èyíinì N.C.N.C., ní àwọn ni wọ́n jà lólè. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní tiwọn ni àwọn ènìyàn náà tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní, a kò sì wá síbí láti parí rẹ̀.

Ohun tí àwọn aṣòfin náà ṣe ni kí a wò. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Awókòyà, tí ó ti di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọn kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní ọdún 1954, di èyí tí ó lé ní 811,000 ní ọdún 1955. Nínú àwọn bàbá tí ó jókòó síwájú wa yìí, ó dá wa lójú pé àwọn kan wà nínú iye náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àtẹ́wọ́ nìkan ni àwọn ènìyàn pa fún wọn. Owó ni a fi ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba sì bu owó-orí lé àwọn ènìyàn lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera kí wọ́n tó rí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Inú bí àwọn ará oko. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, wọ́n fi ìbò na ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ní ilé ara rẹ̀: N.C.N.C. mú àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 18. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó ń ka ìwé fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìbò Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1956, tí ó sì jẹ́ ìbò tààrà, Ọlọ́pẹ mú àga 48, Alákùkọ mú 32.

Àwa ka àbájáde ọdún 1956 yìí sí ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn wa, kì í sì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ tí ó borí. Ìjọba ní ọ̀pọ̀ tí ó tó láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn 32 sì wà ní òdìkejì tí wọn ń bèèrè bí a ti ná kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó kòkó yín ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ó dára kí ẹni tí ń ná owó ẹni mọ̀ pé ojú kan ń wo òun.

A kò ní pẹ́ lórí ọdún 1960, nígbà tí àga Ilé náà di 124. Ọdún 1962 àti ọdún 1965 ni ó gba ìrora. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn nínú Ilé ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì lé wa lórí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n ní kí a dìbò. Olùdíje kò rí òṣìṣẹ́ tí yóò gba ìwé rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn gbọ́ pé a ti wọlé láìsí alátakò, nígbà tí alátakò dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó di ìwé rẹ̀ mọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní àwọn ni ó borí, Alhaji D. S. Adégbenró sì kéde pé ẹgbẹ́ tiwọn ni ó borí, wọ́n sì mú un. Ohun tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Wẹ́tìẹ̀ ni. Ilé jó, ọkọ̀ jó, ènìyàn jó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966 àwọn ológun gba ìjọba, ó sì tó ọdún mẹ́tàlá kí a tó tún yan aṣòfin. Àwọn aṣòfin ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe ọba.

Ní ọdún 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìbò aṣòfin rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù Keje ọdún 1979, àga 36 ni ó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ U.P.N. sì kó gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ o! Ọmọ ìlú yìí, Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ẹni tí ó ń kọ Ayékòótọ́ nínú ìwé ìròyìn nígbà kan, ni ó di gómìnà. Nínú iṣẹ́ ìjọba yẹn ni yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. A kò lè sọ pé ilé tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò ṣe rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981 láàárín ìjọba náà àti Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà tí ó wàjà ní ọdún 2025, kò sí àga kan ṣoṣo ní Abẹ́òkúta tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ gómìnà. A sọ ọ́ ní ṣókí, nítorí pé àwọn méjèèjì ti lọ, àwọn méjèèjì sì jẹ́ tiwa.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tí ó ra ìpínlẹ̀ yìí ní àrà-jogún. S.D.P. ni ní ọdún 1991, A.D. ní 1999, P.D.P. ní 2003, A.C.N. ní 2011, A.P.C. lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2023, ìbò 276,298 ni ẹni tí ó wọlé fún gómìnà ní, 262,383 ni ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 13,915 lọ. Ẹni tí ó bá ti rí èrò Ojúde Ọba rí mọ̀ pé iye yẹn kò pọ̀.

Àwọn aṣòfin Ògùn jẹ́ 26 nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò wọn bí ẹni ń ka iṣu. Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀kan, Àríwá Ìjẹ̀bú ní méjì, Ìlà-Oòrùn Àríwá Ìjẹ̀bú ní ọ̀kan, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ọ̀kan, Ọ̀dọgbolú ní ọ̀kan, Etí-Omi Ògùn ní ọ̀kan: ó di méje. Ìkẹ́nnẹ́ ní ọ̀kan, Àríwá Rẹ́mọ ní ọ̀kan, Ṣágámù ní méjì: ó di 11. Òfin orílẹ̀-èdè ní kò sí owó ìpínlẹ̀ tí gómìnà lè ná láìjẹ́ pé Ilé fọwọ́ sí i. Òfin náà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó lè yọ Abẹnugan Ilé, àwọn náà ni ó lè sọ àbá di òfin bí gómìnà bá kọ̀ ọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn 26 jẹ́ 18. Bí 9 péré bá kọ̀, 18 kò lè pé. Àwa ní 11! Bí àwọn 11 yìí bá mọ̀ pé a mọ àwọn, tí wọ́n sì mọ̀ pé a ń ka iye ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ta ni yóò fi ojú di ọ̀nà oko yín?

Ìṣirò yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba fẹ́ yá ti pín Ilé sí méjì, àwọn 9 nínú 26 jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ Abẹnugan. Ìdàrúdàpọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn 18 ni ó yọ Abẹnugan ìgbà náà, ẹlòmíràn sì gorí àga. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, àgbẹ̀ mélòó ni ó mọ ìhà tí aṣòfin rẹ̀ wà?

Bàbá wa kan ti sọ fún wa kí a tó jókòó pé àwọn alágbára ẹgbẹ́ ti máa ń mú ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ìwé ìbò tó dé ọwọ́ àwa. Òótọ́ ni, a kò jiyàn. Inú ìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń mú un. Ṣùgbọ́n òfin ìbò ọdún 2022 sọ pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ẹnu kò lórí ẹnìkan ṣoṣo, gbogbo àwọn tí ń du ipò náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ẹgbẹ́ lápò, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, ẹ̀yin mélòó ni ó dé ìpàdé wọ́ọ̀dù láti bèèrè ìwé yẹn? Àgbẹ̀ ọdún 1951 kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò tààrà, ṣùgbọ́n ó mọ Awókòyà. Àwa ní ẹ̀tọ́ náà, a ní ẹ̀rọ tí ń ka ìka ọwọ́ wa, a kò sì mọ orúkọ tí a tẹ̀ka fún.

Nítorí náà, kí a tó tú ká, a ní bébà àti lẹ́ẹ̀dì níbí. Kí àwọn tí ó ti abúlé kan náà wá jókòó pọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ aṣòfin wọn, kí wọ́n kọ ibi tí ilé rẹ̀ wà, kí wọ́n sì kọ ohun kan tí wọ́n fẹ́ kí ó gbé dé Ilé, ìbáà ṣe afárá, ìbáà ṣe owó ilẹ̀ tí ìjọba gbà. Abúlé tí kò bá mọ orúkọ náà, kí ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹnìkan láàárín wọn lọ bèèrè kí ó tó di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Òjò ti ń ṣú, a kò fẹ́ kí ó ká yín mọ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè kí ó nawọ́. Ìyá tí ó wà lẹ́yìn nì ti ń nawọ́ tipẹ́.