Fóònù Kékeré Nínú Àpò Òṣìṣẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ nípa fóònù, nítorí pé àwọn tí ó ń yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa láti fi ra fóònù ti ń pọ̀ jù. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Awakọ̀ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ni mí. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Fóònù ńlá ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Kò wọ àpò aṣọ iṣẹ́, nítorí náà mo máa ń gbé e lé iwájú ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo kó sí kòtò, fóònù já bọ́, ó sì yọ̀ wọ abẹ́ búrèkì tí mo fẹ́ tẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ogójì ni ó wà lẹ́yìn mi. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Láti ọjọ́ náà, fóònù tí kò bá wọ àpò àyà, n kò fẹ́ ẹ mọ́.

iPhone 12 mini ni mo rà, tòkunbọ̀, ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì ní Ìkẹjà. Ọdún 2020 ni ó jáde. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5.4, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 133. Àbúrò rẹ̀, 13 mini, jáde ní 2021, ṣùgbọ́n ọjà àwọn kékeré yìí kò yá bí ti ńlá, Apple sì dá títà rẹ̀ dúró ní 2023. Àlòkù ni ẹ ó máa rí.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Bátìrì ni! Ilé kékeré kò gba ẹrù púpọ̀. Bátìrì tèmi jẹ́ mAh 2,227. Ti 12 Pro Max tí ó jáde ní ọdún kan náà jẹ́ 3,687. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, akọ̀wé wa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ìpàdé pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ti di aago méje òwúrọ̀. Fóònù mi ti kú láti aago mẹ́jọ alẹ́, kò sì sí iná. Èmi aṣojú awakọ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jíròrò owó ófátáìmù wa. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ bí ó ṣe parí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ra páwà báǹkì. Ẹ má rẹ́rìn-ín: àpò kan gba fóònù, àpò kejì gba oúnjẹ fóònù. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù pẹ̀lú.

Ìka wa tí ó nípọn tún jẹ́ wàhálà. Mo fẹ́ fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ìka mi tẹ òdo kan lé e. Òṣì ni ó gbà mí: 50,000 kò sí ní báńkì! Ní ti lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo sọ wọ́n di ńlá, ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù, fóònù ọmọ mi ni mo fi ń kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdí ẹ̀rọ, bí ẹ bá fẹ́ iPhone SE ti 2020 tàbí 2022, ìka ni ó fi ń mọ olówó rẹ̀. Ìka tí ó ní gíríísì yóò dà á láàmú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìlera bátìrì. Apple ní lẹ́yìn ìgbà 500 tí a bá ti gba iná sí i ní kíkún, irú bátìrì wọ̀nyí lè ku 80 nínú 100. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Kí ẹni tí ó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ sì rí i pé ó ṣí láìbéèrè orúkọ ẹlòmíràn. Bí ó bá béèrè, ẹ dá a padà fún un.

Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ má yá ẹnikẹ́ni ní owó fóònù tí ó ju owó oṣù rẹ̀ kan lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ta ni yóò fi oṣù mẹ́rin ṣiṣẹ́ fún fóònù? Mo gbọ́ tí ẹ ń kùn lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a dìbò sí i.

Tèmi nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó wá lẹ́yìn ìpàdé. Bátìrì rẹ̀ ku 24. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wo fíìmù.