Tírówẹ̀lì Fàdákà àti Orúkọ Àwọn Òṣìṣẹ́

Kókó ọ̀rọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni tírówẹ̀lì fàdákà tí a fi ń ṣe ayẹyẹ ìpìlẹ̀ ilé ìjọba, àti irú ẹ̀rí tí ó lè jẹ́ fún òpìtàn.

Tírówẹ̀lì bíríkìlà kò ṣàjèjì sí wa. Irin pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n fi ń bu sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n sì fi ń tẹ́ ẹ. Bí wọ́n ti ń lò ó ni ẹnu rẹ̀ ń jẹ, títí yóò fi di ohun àsọnù. Ti fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Birmingham àti Sheffield ṣe púpọ̀ nínú wọn. Wọn a fi eyín erin ṣe èèkù rẹ̀, wọn a sì fín ọjọ́ ayẹyẹ àti orúkọ ẹni ńlá tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ sí i lára.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ṣáájú ìwọ̀nyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1793, Ààrẹ George Washington lo tírówẹ̀lì fàdákà níbi ìpìlẹ̀ Capitol, ilé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ Fírímésìn ni ó darí ètò náà. Wọ́n fi ọkà, wáìnì àti òróró ṣe ètùtù ìpìlẹ̀. Wọ́n yin ìbọn ńlá. Wọ́n sì sun màlúù tí ó wọn 500 pọ́n-ùn jẹ. Wọ́n tẹ́ àwo fàdákà sábẹ́ òkúta náà. Orúkọ Ààrẹ wà lára rẹ̀, àti ti àwọn kọmíṣọ́nnà, ti àwọn ayàwòrán ilé, àti ti Collin Williamson, olórí àwọn ọ̀mọlé. Kò sí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yòókù níbẹ̀.

Títí di òní, ọwọ́ kò tíì tẹ òkúta yẹn tàbí àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tírówẹ̀lì náà wà. Wọ́n tún lò ó ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1848 fún ìpìlẹ̀ ọwọ̀n ìrántí Washington. Ìpìlẹ̀ sọnù, ohun ayẹyẹ kò sọnù.

Ta wá ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn ẹrú wà lára àwọn tí ó fọ́ òkúta ní Aquia ní Virginia, tí wọ́n la pákó, tí wọ́n sì sun bíríkì. Ìwé ìsanwó ìjọba fi hàn pé olówó wọn ni ó ń gba owó iṣẹ́ wọn, ní nǹkan bí dọ́là 5 lóṣù lórí ẹnì kan. Orúkọ ẹyọ kan ni ẹrú sábà máa ń ní nínú ìwé náà, orúkọ olówó rẹ̀ ni yóò sì tẹ̀ lé e. Àwa tí a fi oríkì àti orílẹ̀ mọ ènìyàn mọ bí àdánù yẹn ti tó. Ó di ọdún 2012, lẹ́yìn ọdún 219, kí wọ́n tó ṣí òkúta ìrántí fún àwọn ẹrú náà nínú Capitol. Òkúta Aquia tí ó ti jẹ́ ara ilé náà rí ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹlòmíràn lè sọ pé irin kékeré kò lè gba orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni. N kò sọ pé tírówẹ̀lì fàdákà purọ́; ohun tí mo ń sọ ni pé ẹlẹ́rìí ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ìwé ìsanwó ni ẹlẹ́rìí àwọn ọjọ́ yòókù. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ọ̀kan nítorí pé ó ń dán, tí ó sì jẹ́ kí ikán jẹ èkejì, ti sọ ìdajì ìtàn nù.