Ta Ni Ó Yan Àwọn Ìwé Wọnnì?

 

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí léèrè ní kíláàsì Bíbélì pé: “Bàbá, ta ni ó yan ìwé 66 tí ó wà nínú Bíbélì? Ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó ni?” Àwọn kan bá a wí pé àfojúdi ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí a bá sì fi ìbínú dá ọmọ lóhùn nínú ilé, yóò lọ béèrè ní ìta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtòsí. Odù 256 ni àwọn babaláwo ka Ifá sí, inú ọkàn ni wọ́n sì ń pa á mọ́ sí. Bí awo kan bá ki ẹsẹ tí etí àwọn àgbà kò gbọ́ rí, wọn a bi í léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kọ́ ọ. Èmi kò fi Ifá wé Ìwé Mímọ́. Mo fi hàn pé àwọn ẹlẹ́sìn a máa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àjèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìjọ àtijọ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè, ó sì ní kí a kà á ní Laodíkíà pẹ̀lú. Láti ìjọ dé ìjọ ni àwọn ìwé ń lọ. Èyí tí a gbà pé ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Àpóstélì wá, tí ó bá ìgbàgbọ́ mu, tí ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń kà nínú ìsìn, òun ni ó dúró. Kò rọrùn. Àwọn kan ṣiyèméjì nípa Hébérù, àwọn mìíràn nípa Ìfihàn. Ìwé tí Hermas kọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, kò wọlé. Ní ọdún 367 ni Athanasius, Bíṣọ́ọ̀bù Alexandria ní Íjíbítì, to ìwé 27 ti Májẹ̀mú Titun lẹ́sẹẹsẹ. Ìgbìmọ̀ Hippo ní 393 àti ti Carthage ní 397 sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyèsí i: ilẹ̀ Áfríkà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Ní ti Májẹ̀mú Láéláé, ẹnu kò tíì kò títí di òní. Ìwé 73 ni gbogbo Bíbélì àwọn ará wa ti Ìjọ Àgùdà. 81 ni Ìjọ Etiópíà ń kà. Ìjọ tiwa, nínú Ẹ̀kọ́ kẹfà nínú àwọn Ẹ̀kọ́ 39, ń ka Àpókírífà fún àpẹẹrẹ ìwà, ṣùgbọ́n kò fi í fi ìdí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ múlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú aládùúgbò rẹ̀ pé ó fi kún Bíbélì.

Ní èdè tiwa pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni ó dé. Ìwé sí àwọn ará Róòmù, tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀, jáde ní 1850. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì tó pé. Ọdún 34 ni ó wà láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ìgbà náà sùn nínú Olúwa láìfi ojú rí odindi rẹ̀ ní Yorùbá. Ìpín tí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbé ayé wọn.

Àwa ní gbogbo rẹ̀. Mélòó ni a ń kà? Ẹ ṣí Bíbélì yín wò: ojú-ewé Sáàmù ti gbó, ti Ámósì sì mọ́ bí ọjọ́ tí a rà á. Bẹ́ẹ̀ ni Ámósì bá àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n èké tajà wí. Ó yẹ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọjà wa. Kíkà ni ó mú àwọn ìwé wọnnì wọlé. Àìkà lè mú wọn jáde, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fa ewé kan ya.

Èsì mi fún ọmọ náà nìyí: Ọlọ́run ni ó fi í fúnni, àwọn ìjọ tí ń kà á ni ó dá a mọ̀. Ó ku ọwọ́ tìrẹ. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìwé náà di àjèjì nínú ilé yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.